Awakọ̀ Ojú Omi, Ìwọ Lo Máa Yàn Án: Epictetus àti Wàhálà Ojoojúmọ́

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn tí Epictetus, onímọ̀ ọgbọ́n ayé àtijọ́ nínú ẹ̀kọ́ Stoic (ẹ̀kọ́ tó ń sọ béèyàn ṣe máa fọkàn balẹ̀ nínú wàhálà), kú, ẹnì kan san 3,000 drachma, owó àwọn Gíríìkì, ra fìtílà alámọ̀ tó ń lò? Lucian, òǹkọ̀wé ayé àtijọ́ kan, ló ròyìn ẹ̀, ó sì fi ọkùnrin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, torí onítọ̀hún rò pé tóun bá ti ń fi fìtílà yẹn kàwé lóru, ọgbọ́n á kàn wọ òun lórí ni. Àwọn ọmọ ẹ̀ ṣì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ra kọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ "Stoic" sí lára, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ Marcus Aurelius, olú ọba Róòmù tó jẹ́ Stoic, sórí sítátọ́ọ̀sì láàárọ̀, tó bá dọ̀sán wọ́n ti ń bá kọ̀ńdọ́ jà nítorí ṣéńjì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o. (Mo ń bá wọn wí díẹ̀.)

Fìtílà yẹn nítàn. Onírin ni ti tẹ́lẹ̀, olè jí i gbé. Epictetus gbọ́ ariwo lójú fèrèsé, ó sáré lọ wò ó, fìtílà ti lọ. Ó ní kò burú, lọ́la òun á wá alámọ̀, ṣebí ohun téèyàn ní lèèyàn ń pàdánù. Gbogbo ayé ló fẹ́ràn ìtàn yìí, wọ́n á ní ẹ ò rí i, bàbá ò bínú, ẹ gba kádàrá. Ibẹ̀ lèmi pẹ̀lú wọn ti máa ń fà á, torí ìdajì ẹ̀kọ́ nìyẹn, ìdajì tó sì rọrùn ni.

Ẹrú ni ọkùnrin yìí o. Hierapolis ni wọ́n bí i sí, ní Tọ́kì òde òní, ní nǹkan bí ọdún 50 lẹ́yìn ìbí Kristi, ọ̀gá ẹ̀ Epaphroditus jẹ́ akọ̀wé Nero, olú ọba Róòmù, òun fúnra ẹ̀ sì ń tiro. Ó gba òmìnira, ó ń kọ́ni, olú ọba Domitian wá lé àwọn onímọ̀ ọgbọ́n kúrò nílùú, ló bá kó lọ sí Nicopolis ní ilẹ̀ Gíríìsì, ó lọ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò kọ ìwé kankan, Arrian ọmọ ẹ̀kọ́ ẹ̀ ló bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tó gbajúmọ̀ yẹn: èrò wa, ohun tá a fẹ́, ohun tá à ń sá fún, ọwọ́ wa nìyẹn wà, ara, owó, ipò, orúkọ lẹ́nu aráyé, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ wa. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń pa ìwé dé sí. Àmọ́ ẹ lọ wo ibi tó ti sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ó ní kí lo lè ṣe? O lè yan awakọ̀, o lè yan àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, o lè yan ọjọ́ tó o máa gbéra. Tí ìjì bá wá jà, o ti ṣe tìẹ, ó kù sọ́wọ́ awakọ̀. Tó bá sì ń rì, má pariwo, má sì dá Ọlọ́run lẹ́bi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, yíyan awakọ̀ ló kọ́kọ́ sọ! Ẹni tó rí i pé taya ọkọ̀ ti họ, tó gbóòórùn paraga lẹ́nu dẹ́rẹ́bà, tó tún wọlé jókòó tó ní ohun tó máa ṣẹlẹ̀ á ṣẹlẹ̀, Stoic wo ni? Ọ̀lẹ ni.

Bàbá pásítọ̀ kan tó jókòó níwájú níbi ìpàdé tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ní àdúrà ìrìnàjò nìyẹn. Mo ní rárá sà, àyẹ̀wò ọkọ̀ ni.

Alága ti ń na aago ọwọ́ ẹ̀ sí mi, nítorí náà kíákíá: Zeno, oníṣòwò láti Cyprus tí ọkọ̀ ẹ̀ rì, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Stoic ní Athens ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó kún fún àwòrán, Seneca, Stoic míì ní Róòmù, lówó bí nǹkan míì, Nero tó kọ́ níwèé ló ní kó pa ara ẹ̀ lọ́dún 65, Marcus Aurelius jọba láti 161 dé 180, àjàkálẹ̀ àrùn lọ́tùn-ún, ogun lósì, a máa dé orí ẹ̀.

A ò dé orí ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan dìde lẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, awakọ̀ wo lẹrú fẹ́ yàn? Ṣé kì í ṣe àwọn ọ̀gá ni irú ẹ̀kọ́ yìí tù lára ni?" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀gá kan bi Epictetus pé báwo lòun ṣe fẹ́ fara da ẹrú tó gbé omi tí ò gbóná tó wá, ó dá a lóhùn pé, "Ẹrú, o ò lè fara da arákùnrin ẹ?" Ọ̀gá ló pè lẹ́rú o! Seneca náà kọ ọ́ pé èèyàn ni wọ́n. Síbẹ̀ nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, ìwé wọn tó dé ọwọ́ wa, kò síbi tí ẹnì kan ti ní kí wọ́n fòpin sí oko ẹrú. Gbèsè wọn nìyẹn, mi ò lè bá wọn san án.

Kò jókòó. Ó ní àjẹmọ́nú àwọn ò wọlé, wọ́ọ̀dù kún, òṣìṣẹ́ ò tó, ọ̀gá àwọn wá háyà ẹnì kan láti kọ́ wọn ní ìfaradà.

Mo ní ẹ gbọ́ ti Helvidius, ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin Róòmù tó jẹ́ Stoic, Epictetus fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́. Olú ọba Vespasian ní kó má wá sílé ìgbìmọ̀. Ó ní ẹ lè yọ mí, àmọ́ tí mo bá ṣì wà nínú ìgbìmọ̀, mo gbọ́dọ̀ wá. Vespasian ní ó dáa, wá, àmọ́ dákẹ́. Helvidius ní ẹ má bi mí léèrè, màá dákẹ́. Mo gbọ́dọ̀ bi ẹ́. Èmi náà gbọ́dọ̀ sọ ohun tó tọ́. Màá pa ẹ́. Ìgbà wo ni mo sọ fún yín pé mi ò lè kú? Ìyẹn ni Epictetus fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé! Bóyá wọ́n á sanwó, kò sí lọ́wọ́ yín. Àmọ́ lẹ́tà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ̀ láti buwọ́ lùwé pé gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa, ọwọ́ yín ló wà, ẹni tí wọ́n háyà yẹn ò kọ́ yín débẹ̀.

Ó ní, "Ṣé wọ́n padà pa á?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n pa á.

Ó ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ làwọn máa bá lọ ná. Alága bá gba máíkì lọ́wọ́ mi.