Ta Ni Àwọn Adarí Sooting Ń Jíyìn Fún?

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà Sooting, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún nítorí àga ò tó. Up Sooting! Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà níbi ìpàdé àwa olólùfẹ́ Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn tí à ń pè ní Sooting, àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n tẹ̀ ẹ́ síbí, mo sì tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Wọ́n ní kí n wá sọ ìdí tí ẹgbẹ́ wa fi ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ láti ọjọ́ tó pẹ́, mo sì mọ̀ pé nǹkan tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni kí n dárúkọ kóòṣì kan tàbí agbábọ́ọ̀lù kan kí n ní òun ló bà á jẹ́. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kóòṣì ń lọ kóòṣì ń bọ̀, agbábọ́ọ̀lù ń wá wọ́n ń lọ, bí wọ́n ṣe ń yan àwọn tó ń darí wa ni ò yí padà látayébáyé, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ mi máa dá lé. Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Èèyàn kì í bínú báyìí sí nǹkan tí ò bá fẹ́ràn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rán wa létí irú ẹgbẹ́ tí à ń wí, torí àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn 1998 wà níbí, wọ́n ti ń tọ́mọ, wọn ò tíì rí i kí ife líìgì wọ Ìbàdàn látọwọ́ Sooting rí. Lọ́dún 1976, IICC ni wọ́n ń pè wá nígbà yẹn, WNDC ló sì ti wà tẹ́lẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba tó ni wá ni méjèèjì, a gba líìgì Nàìjíríà, a tún wọ fáínà Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú Tonnerre ti Yaoundé ní Cameroon. Àwọn Tonnerre yìí ló gba ife náà lọ́dún tó ṣáájú o, Roger Milla wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. A nà wọ́n 4-1 nílé, wọ́n nà wá 1-0 lọ́dọ̀ wọn, ife dé Ìbàdàn. Kò sí ẹgbẹ́ kankan ní Nàìjíríà tó gbé ife ilẹ̀ Áfíríkà wálé ṣáájú wa, kódà Rangers ti Enugu.

Ẹ tún wo 1980, fáínà Nations Cup, ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ní Sùúrùlérè l'Ékòó, Nàìjíríà àti Algeria. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì sáwọ̀n, Mudá Lawal gbá ẹ̀kẹta, Best Ogedegbe wà lẹ́nu gólì, kò jẹ́ kí ẹyọ kan wọlé. 3-0. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Sooting ni wọ́n! Gbogbo gòólù ọjọ́ yẹn, àti ọwọ́ tí ò jẹ́ kí wọ́n dá a padà, ọ̀dọ̀ wa ló ti wá. Ife Nations Cup àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa gbà nìyẹn. Tí ẹnì kan bá ní kí ẹ fara balẹ̀ pé ẹgbẹ́ kékeré lẹ̀ ń tẹ̀ lé, ẹ sọ ìyẹn fún un.

Ní 1984 ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀. A wọ fáínà ife àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì nílẹ̀ Áfíríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní Champions League lónìí. Zamalek ti Egypt nà wá 2-0 ní Cairo, wọ́n wá sí Èkó wọ́n tún nà wá 1-0. Ó dùn wá, àmọ́ ẹgbẹ́ kejì ni wá nínú gbogbo Áfíríkà. Kí ni wọ́n fi san án? Gómìnà ológun tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà yẹn, Ọládayọ̀ Pópóọlá, tú ẹgbẹ́ ká. Ó tú u ká pátápátá, torí pé wọ́n pàdánù fáínà. Rashidi Yekini wà lọ́dọ̀ wa láwọn ọdún yẹn, ẹ̀yìn ìyẹn ló bọ́ sí ẹgbẹ́ Abíọ́lá Babes n'Abẹ́òkúta, òun náà ló wá gbá gòólù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa gbá wọlé ní World Cup ní 1994.

Lóòótọ́ wọ́n padà kó ẹgbẹ́ jọ. Àmọ́ ẹ yé wo ìtúká yẹn, agbára tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹnì kan ṣoṣo jókòó sí ọ́fíìsì, ó jí lọ́jọ́ kan, ó ní kò sí Sooting mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè bi í pé èwo ló dé. Ológun ti lọ, olóṣèlú ti gba ibẹ̀, agbára yẹn ṣì wà níbi tó wà. Láti ọjọ́ yẹn títí dòní, gbogbo ohun rere tí ẹgbẹ́ yìí ti ṣe, bí ẹni pé ó kàn bọ́ sí i ni. A gba CAF Cup ní 1992, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló fi ife náà ta CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, lọ́rẹ, a gbá 0-0 pẹ̀lú Villa ti Uganda ní Kampala, wọ́n wá sí Ìbàdàn a nà wọ́n 3-0. A gba líìgì ní 1995. Ní 1996 a tún bá Zamalek ní fáínà, pẹ́náritì ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ wa. Líìgì 1998 ló kẹ́yìn. Nígbà tó di 2017, a jábọ́ sí NNL, líìgì tó wà lábẹ́ èyí tó ga jù, ó di 2021 ká tó jáde níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń wá sí pápá wa ní Adámásìngbà dáadáa á ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Tí wọ́n bá gbá gòólù sáwọ̀n wa nígbà tí eré ti ń lọ sópin, ìlù á dákẹ́, ẹlẹ́pà sísè á dúró lórí àtẹ̀gùn, àwọn bàbá tó gbé rédíò sétí á sọ ọ́ kalẹ̀, àmọ́ ojú wa kì í sí lórí pápá mọ́. Ẹ̀yìn là ń yí sí. Apá ibi tí àwọn ọ̀gá jókòó sí lábẹ́ òrùlé ni gbogbo wa ń wò. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, àwa fúnra wa la mọ̀ pé ibẹ̀ ni gòólù yẹn ti wọlé.

Torí báyìí ló ṣe ń lọ. Ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la wà. Ìjọba tuntun dé, ó tú bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹgbẹ́ ká, ó yan tiẹ̀. Ẹni tí wọ́n yàn lè jẹ́ èèyàn gidi o, àwọn míì nínú wọn tiẹ̀ ti wọ jẹ́sì wa rí, ìyẹn ni mi ò fi dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tó yàn ẹ́ nìkan ló lè yọ ẹ́, òun náà lo máa máa wojú ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìjọba lowó ti ń wá, tówó bá pẹ́, owó oṣù àwọn ọmọ náà á pẹ́, tówó oṣù bá pẹ́, èyí tó mọ bọ́ọ̀lù jù nínú wọn á wábi gbà lọ kí sáà tó parí, kóòṣì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tuntun jọ látìbẹ̀rẹ̀, ká tó wí ká tó fọ̀ a ti pàdánù mẹ́ta, àwa olólùfẹ́ náà á sì gbé ariwo pé kóòṣì ò dáa kó máa lọ, wọ́n á lé e, inú wa á dùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ló jẹ́bi nínú gbogbo ẹ̀? Ẹni tí wọ́n lé lọ ni. Àwọn tó jẹ́ kówó pẹ́ ṣì wà lórí àga. Ẹ sì sọ fún mi, ṣé ẹ ti rí ìwé ìnáwóo Sooting níta rí, kẹ́ ẹ kà á, kẹ́ ẹ mọ iye tó wọlé àti iye tó jáde? Owó ìlú ni o. Ẹgbẹ́ àdúgbò tó ń dá ẹgbẹ̀rún kan kan náírà lóṣù, akápò wọn ń ka ìwé owó sí wọn létí nípàdé.

Àwọn kan á ní ìjọba ò mọ bọ́ọ̀lù, kí wọ́n tà á kíá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ìjọba ìpínlẹ̀ Abia ló ni ẹgbẹ́ Enyimba, àwọn ló sì gba Champions League ilẹ̀ Áfíríkà ní 2003, tí wọ́n tún gbà á ní 2004. Felix Anyansi-Agwu di alága ibẹ̀ ní 1999, ó lò ju ogún ọdún lọ lórí àga yẹn, gómìnà ń yí padà, òun wà níbẹ̀. Mi ò sọ pé kẹ́nì kan jókòó ogún ọdún. Ohun tí mò ń wí ni pé ẹni tó mọ̀ pé òun máa wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ á kọ́ nǹkan, èyí tó mọ̀ pé ìdìbò kan lè gbé òun lọ á kàn máa fi ọgbọ́n sún un dọ́la ni.

Ẹ wá wo ìtòsí wa. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, Kunle Soname ló ni wọ́n. Ọdún 2017 tí àwa jábọ́, àwọn náà jábọ́. Ọdún 2021 tí àwa gòkè, àwa àti wọn la jọ gòkè, àtẹ̀gùn kan náà! Wọ́n ṣe ipò kejì ní 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024, ẹ wo bó ṣe máa rí ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, kóòṣì ò bá ti sá kúrò n'Íbàdàn. Àwọn fi kóòṣì wọn, Daniel Ogunmodede, sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n ń mú àwọn ọmọ jáde láti Beyond Limits, ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù, nígbà tó di 2025 wọ́n gba líìgì. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá. Ṣé wọ́n ju Ìbàdàn lọ ni? Ṣé Ìkẹ́nnẹ́ pọ̀ tó Bẹẹrẹ àti Mọ́kọ́lá ni? Wọ́n kàn ní adarí tó mọ ibi tó ń lọ ni, tí kò sì jẹ́ kí ìpàdánù ọ̀sẹ̀ kan yí òun lórí.

Síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí wọ́n kàn tà wá fún olówó kan. Ẹ̀yin àgbà rántí ẹgbẹ́ Leventis United, n'Íbàdàn níbí. Wọ́n gba Challenge Cup, ife gbogbo Nàìjíríà, ní 1984, ní 1986 wọ́n gba líìgì, wọ́n tún gba Challenge Cup mọ́ ọn. Ní 1987, ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n palẹ̀ ẹ̀ mọ́, ó parí, àwọn tó ń pariwo orúkọ wọn ò rí ẹni bá sọ ọ́. Abíọ́lá Babes náà dà lónìí? Àwa ni wọ́n tú ká tá a ṣì wà láàyè, torí gbogbo ìlú ló ni wá. Nǹkan tí mo fẹ́ ni kí ìlú tó ni ín lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní Jámánì, òfin wọn ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ní Barcelona, àwọn olólùfẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ló ń dìbò yan ààrẹ, wọ́n sì lè dìbò lé e.

Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀ níbì kan. Kí bọ́ọ̀dù ní iye ọdún tí òfin dá fún un, tí kò ní bá gómìnà lọ tí gómìnà bá ń lọ, kí àwa tí a forúkọ sílẹ̀ tí a sì ń san owó ẹgbẹ́ fi ìbò yan èèyàn méjì síbẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé ìwé ìnáwó jáde lọ́dọọdún kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kà á. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa náà, àwọn tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ torí wọ́n mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ lọ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò sanwó, ẹnu ẹ̀ ò ní gbà á láti béèrè owó. Ẹ sì yé ju ọ̀rá omi lu réfẹ́rì, ìyà ẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ wá.

Nígbà tó kan ìbéèrè, bàbá kan dìde, wọ́n ní "Ọmọ mi, o ti sọ̀rọ̀ dáadáa, tí wọn ò bá wá dá wa lóhùn ńkọ́?" Mo ní bàbá, òfin wà níbẹ̀. Láti 2011 la ti ní òfin tó fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba pé kó fi ìwé báyìí báyìí han òun, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ méje. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin yẹn ò kan àwọn, àmọ́ ní oṣù kẹrin 2025 ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ pé ó kan gbogbo wọn. Ẹyọ lẹ́tà kan la máa fi bẹ̀rẹ̀: iye tí ìjọba fún Sooting, iye tí wọ́n gbà lẹ́nu ọ̀nà pápá, iye tí wọ́n ta agbábọ́ọ̀lù, iye tí wọ́n ṣì jẹ àwọn ọmọ náà. Tí ọjọ́ méje bá pé tí wọn ò fèsì, àwọn lọ́yà wà nínú wa, wọ́n mọ ilé ẹjọ́. Mo ti kọ lẹ́tà náà sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí i, kí ẹ tètè dé sẹ́nu ọ̀nà Adámásìngbà lọ́jọ́ tá a bá tún gbá bọ́ọ̀lù nílé, kí ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ẹgbẹ́ yín dání.