Bí a ṣe ń fi páálí ṣe Dókítà Rélùwéè

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, láti Ìkòròdú. Ẹ ti rí róbọ́ọ̀tì dánfó àti ti kẹ̀kẹ́ Márúwá tá a ṣe, àwọn ohun ìṣeré páálí tó ń ti ọkọ̀ di róbọ́ọ̀tì. Àwọn jagunjagun nìyẹn. Ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn la fẹ́ ṣe lónìí: rélùwéè tó ń di dókítà.

Rélùwéè ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa níbí, bọ́ọ̀sì BRT là ń wọ̀, àmọ́ ọkọ̀ ojú irin tó ń ṣe dókítà kì í ṣe àlá lásán. Ní Gúúsù Áfíríkà, èyí tó ń jẹ́ Phelophepa ti ń gbé àwọn oníṣègùn ojú àti eyín kiri orí irin láti 1994.

Páálí tẹlifíṣàn ni kẹ́ ẹ wá. Ti nuudu ti rọ̀ jù. Ẹ lè tọrọ ẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ní Sábó. Ẹ tún wá abẹ fẹ́lẹ́, rúlà, gọ́ọ̀mù, waya, àti àjákù àǹkárá lọ́wọ́ télọ̀.

Kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ wọn ẹni tó ga jù nínú ẹgbẹ́ náà. Dánfó mi ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, nítorí náà ibùsùn aláìsàn á gùn tó 16.

Ẹ ṣe àpótí gbọọrọ: 24 ní gígùn, 8 ní fífẹ̀, 8 ní gíga. Ẹ gé e sí méjì. Apá iwájú, tó jẹ́ 8, ni àyà. Ẹ la 16 tó kù lẹ́yìn sí méjì lóròó, ẹsẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá fi àǹkárá àti gọ́ọ̀mù so ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan padà mọ́ àyà, lábẹ́ ọkọ̀. Páálí téèyàn ń ká lójoojúmọ́ á ya. Aṣọ á fara dà á.

Apá rẹ̀ ni páálí tẹ́ẹ́rẹ́ méjì yìí. Ẹ ya fèrèsé sí wọn lára, kí wọ́n lè jọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Waya kan á gba èjìká kan bọ́ sí èkejì. Ẹ gé rọ́bà sílípáàsì tó ti já roboto, kẹ́ ẹ fi há àárín apá àti ara. Rọ́bà yẹn ni yóò jẹ́ kí apá dúró níbi tẹ́ ẹ bá gbé e sí.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ẹ gé òrùlé: 16 ní gígùn, 11 ní fífẹ̀. Ẹ ká sẹ̀ǹtímítà kan wálẹ̀ lọ́tùn-ún, kan lósì. Ẹ wò ó, mo fi dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Etí méjèèjì di ẹsẹ̀ àti apá pọ̀, rélùwéè dúró gírí. Mo yọ ọ́: ẹsẹ̀ tú, apá bọ́ sílẹ̀. Òrùlé ti di ibùsùn, etí rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí aláìsàn yí ṣubú. Ìdí tí mi ò fi fún dókítà yìí ní ìbọn nìyẹn. Kò lè dìde àfi tó bá kọ́kọ́ mú ibùsùn dání.

Orí, ẹ fi pamọ́ sínú imú ọkọ̀, kó lè yọ jáde tó bá di róbọ́ọ̀tì.

Ẹ kùn ún ní funfun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya àgbélébùú pupa sí i o! Àdéhùn Geneva ti 1949 dáàbò bo àmì yẹn. Àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ló wà fún, kì í ṣe fún ohun ìṣeré. Èmi, aláwọ̀ ewé ni mo ń yà.

Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ mọ́jú kẹ́ ẹ tó gbé e fọ́mọ. Wọ́n á ní àwọn kàn fẹ́ wò ó ni. Ẹ má dá wọn lóhùn.