Ààrò Mẹ́ta: Ìrìn Àjò Owó Ẹyọ, àti Ìdí Tí Ìṣirò Òwò Éṣíà òun Yúróòpù Fi Ń Ṣì

(Ọ̀rọ̀ ẹnu la kọ sílẹ̀ yìí. A yọ àtúnsọ kúrò. Àwàdà àti ìbéèrè wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wáyé.)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé fún mi ni ìbáṣepọ̀ ìṣèlú àti ọrọ̀ ajé láàrin Éṣíà àti Yúróòpù. Ó fẹ̀ bí òkun. Ẹni tó bá ti gbọ́ mi rí ti mọ ibi tí mo ń lọ: òwò yìí kì í ṣe ti ẹni méjì rí. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ẹ wo ohun tójú ìkòkò máa rí.

Àwọn kan wà nínú iṣẹ́ wa yìí, mi ò dárúkọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn, tó jẹ́ pé ọdún 1996 ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ lójú wọn, nígbà tí àwọn olórí pàdé ní Bangkok tí wọ́n dá ASEM, ìyẹn ìpàdé Éṣíà òun Yúróòpù, sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè 25, pẹ̀lú Ìgbìmọ̀ Yúróòpù. Fọ́tò wọn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya fọ́tò yẹn, ó ti tó ọdún 394 tí àwọn Dutch dá VOC sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò tó ní àṣẹ láti jagun, láti bá ọba ṣe àdéhùn, kó sì tún rọ owó tirẹ̀. Ẹni tó bá lè fi ọ̀bẹ ya ìṣèlú kúrò lára ọjà nínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wá kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú omi. Owó ẹyọ kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Monetaria moneta, Maldives nínú Òkun Índíà ni orísun rẹ̀ tó lókìkí jù. Nígbà oṣù tuntun àti nígbà tí òṣùpá bá kún, àwọn ará ibẹ̀ á wọ omi dé ìbàdí, wọ́n á máa ṣà á. Wọ́n á rì í mọ́ inú ihò títí ẹran inú rẹ̀ á fi jẹrà tán, wọ́n á wá fọ̀ ọ́. Èyí tí wọn ò bá jẹ́ kó jẹrà tán, òórùn rẹ̀ á gba inú ọkọ̀ kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á dì í sínú apẹ̀rẹ̀ imọ̀ àgbọn, 12,000 nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan. Pyrard, ọmọ Faransé tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ síbẹ̀ lọ́dún 1602, kọ ọ́ pé òun rí ọgbọ̀n sí ogójì ọkọ̀ tó kó kìkì ẹyọ jáde nínú ọdún kan.

Bengal, lápá ìlà-oòrùn Índíà, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ. Kí ni Maldives ń gbà padà? Ìrẹsì, nítorí ilẹ̀ iyanrìn wọn kò lè bọ́ wọn. Ní Bengal, ẹyọ ni ṣẹ́ńjì ọjà: mẹ́rin jẹ́ ganda kan, ogún ganda jẹ́ pan kan, pan 16 jẹ́ kahan kan. Ní Sylhet, nínú Bengal náà, lápá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, 5,120 ni wọ́n ń kà fún rupee kan, owó ẹyọ yìí náà ni wọ́n sì fi ń san owó orí fún ilé-iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa: ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹyọ kan náà, ọ̀nà ìkà méjì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé e dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Morocco, wà ní Maldives ní 1343 sí 1344, ó ní 400,000 ni wọ́n ń tà ní dínárì wúrà kan. Nígbà tó dé ilẹ̀ Mali ní 1352, 1,150 ló bá a fún dínárì kan. Ẹ pín in síra, ó lé ní ìlọ́po 340. Aginjù Sàhárà ló gbà kọjá nígbà náà, lórí ràkúnmí. Ohun tí ọkọ̀ ojú omi ṣe ni pé ó mú ọ̀nà náà rọrùn, ó sì sọ Lisbon, Amsterdam àti London di ibodè.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn Dutch gba Galle lọ́wọ́ àwọn Potogí ní 1640, wọ́n gba Colombo ní 1656. Láti ìgbà náà, Sri Lanka ni wọ́n ti ń ra ẹyọ tó ń ti Maldives bọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ra tiwọn ní Bengal. Ọkọ̀ tó kó tíì àti aṣọ bọ̀ láti Éṣíà fúyẹ́ nísàlẹ̀, ó lè dojú dé, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní ẹrù wíwúwo níkùn. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń kó òkúta. Ẹyọ wúwo bí òkúta, kì í bàjẹ́, omi kì í pa á lára, ó sì tún ní iye lórí. Tó bá dé Amsterdam tàbí London, wọ́n á lu ú ní gbàǹjo. Ta ló ń rà á? Kì í ṣe ará Amsterdam tó fẹ́ fi ra búrẹ́dì. Àwọn tó ń lọ ra ẹrú ní Ouidah, nínú Benin òde òní, àti etíkun wa ni. Ààrò kẹta nìyẹn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró síbí díẹ̀, torí pé ibí lèrè wà. Ní gbàǹjo, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ra ẹyọ. Ní Ouidah, kíkà ni wọ́n fi ń ná an. Ẹ rò ó wò! Bí ẹyọ bá ṣe kéré tó ni pọ́n-ùn kan ṣe máa ń di owó púpọ̀ tó. Ìdí tí wọ́n fi ń lé ti Maldives kiri nìyẹn: nǹkan bí 400 ló wà nínú pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀kẹ́ kan wúwo tó kílò 23. Aláàárù kan lè rù ú.

Jan Hogendorn àti Marion Johnson, àwọn onímọ̀ tó kọ ìwé lórí owó ẹyọ, ló ṣe ìṣirò yìí dójú ìwọ̀n, tí wọ́n gbé e jáde ní 1986. Láàrin 1700 sí 1790, ohun tí àwọn Dutch àti Gẹ̀ẹ́sì kó wá lé ní tọ́ọ̀nù 11,000, nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́wàá ẹyọ. Ẹ ti mọ iṣẹ́ wọn, mi ò ní tún un kà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe ṣe lè ṣubú.

Àkọ́kọ́ ni pọ́n-ùn. Ti Amsterdam jẹ́ gírámù 494, ti Gẹ̀ẹ́sì kò tó 454. Ẹni tó bá ka mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn Dutch bíi ti Gẹ̀ẹ́sì ti ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 400 nù, ẹyọ tó lé ní mílíọ̀nù 350. Ó lé ní 17,000 ọ̀kẹ́. Àwọn ìdílé kan kò rí ọ̀kẹ́ kan fi fẹ́yàwó! (Ẹ̀rín.) Èkejì, ẹrù kan náà wà nínú ìwé Sri Lanka nígbà tí wọ́n rà á, ó wà nínú ìwé gbàǹjo, ó tún wà nínú ìwé ọkọ̀ tó gbé e lọ sí Guinea, orúkọ tí wọ́n ń pe etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ má ṣe ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ mú ibodè kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ dúró tì í. Ẹ̀kẹta, ẹyọ tí wọ́n rà lọ́dún yìí, ọdún tó ń bọ̀ ló tó lè dé Ouidah. Ẹni tó bá fi iye owó ọdún kan náà wé ara wọn ń fi ẹ̀ẹ̀rùn wé òjò. Guilder, owó àwọn Dutch, tí wọ́n fi ń ṣírò ní Batavia (Jakarta òde òní) kò sì fìgbà gbogbo bá ti Amsterdam dọ́gba, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Mo ti ju ìdajì àkókò mi lọ. Fàdákà: ẹ ti mọ̀ ọ́n. Potosí, òkè fàdákà ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Bolivia lónìí, 1545; ọkọ̀ Manila tó ń gbé fàdákà láti Mexico lọ sí Philippines, láti 1565 títí dé 1815. Ìwọ̀n wúrà kan ń gba bíi ìwọ̀n fàdákà mẹ́fà ní Ṣáínà, ó ń gba bíi méjìlá ní Yúróòpù ní òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ìyàtọ̀ yẹn ni ọjà fi ń rìn. Yúróòpù kò ní ohun tí Éṣíà ń wá tó bẹ́ẹ̀. Qianlong, ọba Ṣáínà, sọ bẹ́ẹ̀ fún ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1793, láìfepo bọyọ̀. Fàdákà ti ibòmíràn ni wọ́n fi ń dí àlàfo. Ààrò kẹta náà tún nìyẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín mi.

(Ìyá kan nawọ́ láti ẹ̀yìn, alága gbà fún wọn: "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ ti sọ bó ṣe dé. Ta ló wá pa á? Owó táwọn bàbá wa kó jọ, kí ló sọ ọ́ di ohun tá a ń rán mọ́ ẹ̀wù egúngún?")

Ẹ ṣeun, Màmá. Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ lórí èbúté Piraeus ní Greece, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi, kò burú.

Hamburg ló pa á, pẹ̀lú Marseille. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ẹyọ tó ń wọlé já wálẹ̀. Epo pupa ló jí i dìde, torí pé Yúróòpù ń wá epo fún ọṣẹ àti àbẹ́là, ẹyọ ni wọ́n sì fi ń rà á lọ́wọ́ wa. Láti àárín àwọn ọdún 1840, ilé-iṣẹ́ Hertz ti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ mìíràn láti Zanzibar, erékùṣù ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ ìdílé Sultan tó ti Oman wá. Ẹyọ ọ̀hún ni Monetaria annulus, èyí tó ní òrùka bíi wúrà lẹ́yìn. O'Swald tẹ̀ lé e, Régis ti Marseille náà kò gbẹ́yìn. Ẹyọ yìí tóbi, ọ̀kan tó bíi gírámù méjì ààbọ̀. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ìwọ̀n àti kíkà? Ó yẹ kó pa wọ́n lérè. Ṣùgbọ́n owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rà á ní Zanzibar, débi pé èrè ṣì kù. Láàrin 1851 sí 1869, ilé-iṣẹ́ Jámánì àti Faransé márùn-ún kó tọ́ọ̀nù 35,000 wá. Bíi bílíọ̀nù 14! Ohun tó gba àádọ́rùn-ún ọdún nígbà VOC, wọ́n ju ú lọ láàrin ogún ọdún.

Ìṣirò tó kù, ilé ni. Ọ̀kẹ́ kan ti Zanzibar jẹ́ àádọ́ta kílò. Aláàárù kan kò lè rù ú lọ jìnnà mọ́, wọ́n ní láti pín in. Bí ẹyọ sì ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára rẹ̀ lọ́jà ń dín kù, tó fi di pé ẹrù ọ̀kẹ́ kò ra ohun tó tó owó ẹni tó rù ú. Owó tó ń ná owó láti rìn ti kú kí ìjọba tó fòfin kàn án. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 1912, òkú ló bá nílẹ̀.

Ìṣẹ́jú méjì. Piraeus: COSCO ti Ṣáínà gba ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ èbúté náà ní 2016, ó di 67 ní 2021. Ẹrù tó bá gba ibẹ̀ tàbí Rotterdam wọlé lè hàn nínú ìwé bí ohun tí Greece tàbí Netherlands rà, nígbà tó jẹ́ pé Jámánì ló ń lọ. Ìṣòro ibodè kan náà ni.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wo ìwé VOC fúnra yín: ojú ewé bíi mílíọ̀nù 25 ló kù, ní The Hague, Jakarta, Colombo, Chennai àti Cape Town, UNESCO ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 2003. Ẹ má wá "cauris" nìkan. Àwọn Dutch tó ń ná etíkun Guinea ń pè é ní "boesjes", àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ "booges", láti inú "búzios" ti Potogí ni méjèèjì ti wá. Búzios yẹn náà ni àwọn olórìṣà Bahia ní Brazil ń dà títí dòní, mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan.