Ológò Inú Fóònù

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi nìkan ni mo wà nídìí makirofóònù lónìí. Òjò ń rọ̀ ní Nairobi, ẹ má bínú sí ariwo orí páànù. Ibí ni wọ́n bí mi sí, ọ̀dọ̀ màmá mi ni mo ti gbọ́ Yorùbá. Bí Swahili bá yọ́ wọ ọ̀rọ̀ mi, ẹ foríjì mí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ló pè mí. Ó ń wá ibi tí yóò ti ṣe IT, iṣẹ́ ìdánrawò tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ ṣe ní ilé iṣẹ́. Níbí, attachment là ń pè é: bíi oṣù mẹ́ta, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán bí ọ̀gá bá láàánú.

Ọdún 2019 ni mo ṣe tèmi, ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń yáni lówó lórí fóònù. Láti 2007 tí M-Pesa ti dé, tí owó ti ń rìn lórí fóònù, ṣé àwọn olówó èlé á jókòó sílé ni? Kò sí oníduùró, kò sí ìwé, owó á ti wọlé.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé, bí ènìyàn bá ti gbà pé ká wo fóònù òun, kí ápù náà kó gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ wá fún wa. Kóòdù náà ò ju bí ogójì ìlà lọ. Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá sì ra chapati fún mi. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mi ò bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe.

Mo ti kúrò níbẹ̀ nígbà tí màmá mi pè. Ọkùnrin kan ní kó lọ sọ fún mama mboga, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ àdúgbò wa, pé kó wá san gbèsè. Ẹgbẹ̀rún méjì ṣílè. Ó dárúkọ ápù tí mo kọ kóòdù fún. Màmá mi ní:

"Ta ló fún wọn ní nọ́ńbà mi? Àbí ológò ti padà dé ni?"

Mo dákẹ́. Láyé àtijọ́, ológò a wá dógò ti onígbèsè nílé, a máa pariwo, a máa pa adìyẹ tó bá rí jẹ, títí àwọn ẹbí á fi dáwó jọ. Ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo ló ń jókòó sí. Èyí tí èmi kọ, gbogbo ilé tí obìnrin náà mọ̀ ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní November 2019, ọdún tí mo ṣe attachment yẹn gan-an, ni Òfin Ààbò Dátà ti Kenya bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: má gba ju ohun tí o nílò lọ. Ó tó ọdún kan kí kọmíṣọ́nnà àkọ́kọ́ tí yóò máa bójú tó òfin náà, Immaculate Kassait, tó búra wọlé. Ó di 2022 kí Báńkì Àpapọ̀ tó ní kí irú àwọn olówó èlé bẹ́ẹ̀ gba ìwé àṣẹ. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ní òfin ń dí wa lọ́wọ́. Òfin wo? Ká tilẹ̀ ní ó ti wà nígbà yẹn, ta ni ì bá fi han ọmọ attachment? Ìwé tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, password Wi-Fi ló wà nínú ẹ̀.

Mo sọ fún ọmọ náà pé bí wọ́n bá ní kó mú nǹkan nínú fóònù ẹnikẹ́ni, kó bèèrè ìdí ẹ̀.

"Uncle, bí wọ́n bá lé mi ńkọ́? Ta ni yóò fọwọ́ sí logbook mi?"

Mi ò tíì dá a lóhùn. Logbook tèmi, ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ tí a ṣe sí, ṣì wà nínú àpótí. Ohun tí mo kọ sínú ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ni: "Mo kọ́ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà láti inú fóònù." Ọ̀gá fọwọ́ sí i, ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo gbìyànjú.