Ẹni Tó Ti Kó Èésú Tó Sì Ń Dá A Lọ

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níbi ìpàdé ọdọọdún nìyí. Mo yọ àwàdà inú ilé kúrò, mo sì fi díẹ̀ kún un níbi tí àkókò kò ti gbà mí láyè lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, alága wa, mo kí yín o. Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè kí wọ́n tó bu ìkọ́kọrẹ́. Òórùn rẹ̀ ti ń bá wa wí láti ìdí ilé, n ò ní pẹ́.

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó dára jù tí ọmọ ènìyàn ti ṣe láyé. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi, ó ní, "Ẹ sọ ti òṣùpá." Kò burú. Ní oṣù Keje ọdún 1969, ènìyàn méjì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òṣùpá, wọ́n sì padà sílé láìfarapa. Ìyanu ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ló pọ̀ jù nínú ìtàn yẹn, ọgbọ́n nìkan kò sì tó ohun tí à ń fi yangàn. Ìbọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá sí Ìmàgbọ̀n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, tó ń ró tatata bí ẹni ń da àgbàdo sórí páànù, ọgbọ́n ọmọ ènìyàn ló ṣe òun náà. Àwọn baba wa ló ṣubú níwájú rẹ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká gbé ọgbọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ìwà ni mò ń wá.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, ń ta gàrí ní Òkè-Ajé. Wọ́n ń dá èésú, àwọn obìnrin méjìlá, ṣílè márùn-ún márùn-ún lọ́jọ́ ọjà. Ìyá àgbà kò mọ̀wé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Ẹfun ló fi ń fa ilà síbẹ̀, ilà kan fún ẹnì kan, bí ẹnì kan bá sì ti kó, á fa òmíràn dábùú ti onítọ̀hún. Èmi á jókòó sórí àpótí, òun á máa pe orúkọ, èmi á máa fìka tọ ilà lọ. Bó bá dé orí ilà tirẹ̀, kì í pe orúkọ, á kàn sọ pé, "Tàwa." Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìṣirò kí n tó wọ ilé ìwé.

Ẹ jẹ́ ká wo èésú yìí dáadáa, torí ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í rí i mọ́. Ẹni àkọ́kọ́ kó ọgọ́ta ṣílè, pọ́n-ùn mẹ́ta gbáko, lọ́jọ́ kìíní. Ó ti rí tirẹ̀ gbà. Ọjà mọ́kànlá ló kù tí yóò máa mú ṣílè márùn-ún wá fún ohun tó ti ná tán. Kò sí ìwé àdéhùn, kò sí lọ́yà. Ẹni ìkẹyìn sì ti ń sanwó láti ọjọ́ kìíní yẹn fún ohun tí kò tíì fojú rí. Ìjàlọ náà ń ṣiṣẹ́ pọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn nínú ihò. Obìnrin tó ń jókòó ti ìyá àgbà lọ́jà, Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti wá. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò dà wọ́n pọ̀.

Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lápá ibẹ̀ yẹn. Ẹ ń rántí ẹni tó kó tó sì sá. Èmi náà rántí, torí owó mi wà ńbẹ̀, n ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé ọdún kẹjọ rèé tí a ṣì ń sọ ọ́. Ta ló ń sọ̀rọ̀ àwọn tó kó tí wọn kò sá?

Ohun tí mo wá sọ kò ju ìyẹn lọ. Ìwà tó dára jù lára ọmọ ènìyàn ni ti ẹni tó ti kó tirẹ̀ tó sì ń dá a lọ. Iṣẹ́ tó tóbi jù tí ìwà yẹn ti ṣe, ẹ kò lè lọ wò ó níbi kankan, torí ohun tí kò sí mọ́ ni. Ṣọ̀pọ̀ná ni.

(Bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀, ìyá kan ní ìlà iwájú fọwọ́ kan ilẹ̀. Mo tọrọ gáfárà. Olóde ni ó yẹ kí n wí.)

Ojú ìyá àgbà kún fún àpá rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì dà bí eruku àgbàlá tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí ojú àgbà ṣe ń rí nìyẹn, pé bí èmi náà bá dàgbà, tèmi á rí bẹ́ẹ̀. Kò sọ iye àbúrò tí àrùn náà pa mọ́ ọn lójú fún wa rí. Nínú mẹ́wàá tí olóde bá mú, nǹkan bí mẹ́ta ló ń pa, ó sì ń fọ́ àwọn mìíràn lójú. Ní ọ̀rúndún ogún nìkan, wọ́n ní ó pa tó 300 mílíọ̀nù ènìyàn.

Báwo ló ṣe lọ? Àwọn kan á ní òyìnbó kan ló ṣe oògùn. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Boston ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1721, ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n ń pè ní Onesimus, ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé nílé àwọn, wọ́n ń mú díẹ̀ nínú omi egbò ẹni tó ní in, wọ́n á fi sí ojú gbẹ́rẹ́ kékeré lára ẹni tí kò tíì ní, àrùn kì í sì lè pa onítọ̀hún. Ẹ ronú sí i. Ẹrú! Wọ́n ti kó gbogbo ohun tó ní, ó ṣì dá èésú fún wọn. Ní 1796, Edward Jenner rí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ti ara màlúù, tí kò le tó bẹ́ẹ̀, lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Láti ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wá.

Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mọ́ mi jù ṣì ń bọ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1950, Amẹ́ríkà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí. Rọ́ṣíà náà ti lé e jáde. Wọ́n ti kó tiwọn. Àwọn méjèèjì sì ń fi bọ́ǹbù halẹ̀ mọ́ ara wọn nígbà náà. Síbẹ̀, ní 1958, dókítà kan tí Rọ́ṣíà rán wá, Viktor Zhdanov, dìde ní ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó ní ká pa á run pátápátá láyé. Ìjọba rẹ̀ ń fi oògùn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, Amẹ́ríkà ń kó owó àti òṣìṣẹ́ wá, pàápàá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín.

Ọ̀nà tí wọ́n wá gbà ṣẹ́gun rẹ̀, Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i. Ní ìparí 1966, olóde bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ògójà. William Foege ni dókítà tó wà níbẹ̀. Oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó gbogbo ìlú. Àwọn ajíhìnrere tó wà káàkiri ní rédíò tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ránṣẹ́ sí abúlé gbogbo láti mọ ibi tó wà gan-an. Ibẹ̀ nìkan ló gún lábẹ́rẹ́, àti àwọn tó yí i ká. Àrùn náà jó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò rí ibi jó mọ́. Foege ti ṣiṣẹ́ pípa iná igbó nígbà èwe rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kòkó kò nílò àlàyé: bí ọyẹ́ bá dé, ṣé gbogbo igbó lẹ ń ro ni, àbí ẹ̀ ń ro ilẹ̀ yí oko ká?

Abẹ́rẹ́ wọn kéré, ẹlẹ́nu méjì bí fọ́ọ̀kì ọmọdé. Wọ́n á tì í bọ oògùn, ẹ̀kán kan á dúró láàrin ẹnu méjèèjì, wọ́n á wá fi gún apá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní kí gbogbo ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ká apá aṣọ sókè. Ẹ bá mi wo gbọ̀ngàn yìí! Lésì, àǹkárá, agbádá, gbogbo rẹ̀ ń lọ sókè. (Àwọn ọ̀dọ́ náà fẹ́ ká tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ti ikọ́ fée ni tiyín.) Àpá yẹn lára yín, ó dà bí ilà ẹfun lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyá àgbà. Nàìjíríà rí aláìsàn ìkẹyìn ní 1970.

Ẹni ìkẹyìn tó kó o láyé láti ara ẹlòmíràn, láìjẹ́ pé yàrá àyẹ̀wò ló ti bọ́, ni Ali Maow Maalin, alásè ilé ìwòsàn ní ìlú Merca ní Sòmálíà, ní oṣù Kẹwàá 1977. Kò gba abẹ́rẹ́ náà, ẹ̀rù ìgúnni ló ń bà á. Ó kàn wọ mọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ méjì tó ní in, kó lè júwe ọ̀nà fún awakọ̀. Ó yè é. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1980 wọ́n kéde pé ó ti tán láyé. Maalin lè lọ jókòó sílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń gbógun ti àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, ó ń wọ ilé dé ilé, ó ń sọ fún àwọn òbí pé, ẹ wo èmi tí mo sá fún abẹ́rẹ́. Lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ni ibà pa á ní 2013.

Mi ò ní fi dídùn bo kíkan. Àrùn náà ṣì wà ní títì pa ní yàrá àyẹ̀wò méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Rọ́ṣíà, wọn kò tíì gbà láti dà á nù. Nígbà kòrónà ẹ̀wẹ̀, ẹ rí bí àwọn olówó ṣe kó abẹ́rẹ́ jọ kí ẹlòmíràn tó rí ọ̀kan. Wọ́n kó, wọ́n fẹ́ sá.

Nílé wa níbí, ẹ ti mọ yàrà Bílíkísù Sùngbọ́, tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká láyé àtijọ́. Ó lé ní 160 kìlómítà, ibòmíràn nínú rẹ̀ ga tó mítà 20. Mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ nígbà tí mo ń ṣe olùkọ́. Oòrùn ń ta lókè, nísàlẹ̀ ó tutù bí inú àmù, ewédò bo ògiri, ọmọ kan sì rí ojú ibi tí ó dà bíi pé ọkọ́ ti kọ́ ọ. Kò dájú pé ọkọ́ ni. Àmọ́ ọmọ náà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, kò sọ̀rọ̀ títí a fi jáde. Ìtàn ní Sùngbọ́ kò bímọ, ó sì fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ sáyé. Bó ti wù kó jẹ́, ẹni tó gbẹ́ ti ìhà Òkè-Ẹ̀rì kò mọ ẹni tó gbẹ́ ti ìhà Ẹ̀pẹ́.

Àwọn ará Rẹ́mọ á ní mo gbàgbé àwọn. N kò gbàgbé. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Awólọ́wọ̀. Baba rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, iṣẹ́ ọwọ́ ló fi rán ara rẹ̀ níwèé. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó gbé kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955, ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú, ó sì lé ní 800,000 lọ́dún náà. Owó orí ni wọ́n fi ṣe é, inú àwọn baba tí ọmọ wọn ti jáde ìwé kò sì dùn. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, fìdí rẹmi nínú ìbò àpapọ̀ 1954 nílé ara wọn. Wọ́n sì san owó náà, pẹ̀lú ìkùnsínú. Lójú tèmi, èésú tí a ń kùn dá, èésú ni.

Nígbà tí mo parí, ìyá tó fọwọ́ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni ó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹni tó bá ti kó, tó wá kú ńkọ́?"

Mo ní: Mà, ìyá àgbà kó ní ọjà kẹta, ó kú ní ọjà karùn-ún. Ọjà méje ló kù. Kò sẹ́ni tó wá béèrè. Ìyá mi ló ń ká ṣílè márùn-ún sí etí ìró lọ́jọ́ ọjà, mo máa ń tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ olórí èésú, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, á kà á sí i lọ́wọ́, a ó sì yà lọ ra iyọ̀. Lọ́jọ́ tó san ti ìkẹyìn, ó délé, ó mú ẹfun, ó fa ilà dábùú ẹni kejìlá. Lẹ́yìn náà ló tó bu omi, ó fi àkísà nu ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn láti òkè dé ilẹ̀.