Àsọtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 49: omíyalé Grand Forks ní 1997

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹni tó bá mọ omíyalé Ògùnpa ti 1980 mọ omi tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Odò tí mo fẹ́ sọ lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń kìlọ̀, síbẹ̀ ó ká ará ìlú mọ́lé.

Red River ni. Ó pààlà sáàárín North Dakota àti Minnesota ní Amẹ́ríkà, ó sì ń ṣàn lọ sí àríwá, sí Kánádà. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, òjò dídì apá gúúsù ló kọ́kọ́ ń yọ́. Omi á gbéra, á lọ bá odò tó ṣì dì gbagidi níwájú. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, torí ìsàlẹ̀ adágún ayé àtijọ́ ni. Omi tó bá ti kọjá bèbè, ó di kó máa tàn kálẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye omi tó ń bọ̀? Wọn kì í wo gíga òjò dídì nìkan, torí èyí tó fúyẹ́ bí òwú àti èyí tó ki kì í mú omi kan náà jáde. Wọ́n á ki ọ̀pá oníhò bọ̀ ọ́ títí kan ilẹ̀, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n. Ọkọ̀ òfuurufú náà ń fò nísàlẹ̀ kọjá: ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tú ìtànṣán jáde, omi sì ń dí i lọ́nà. Ibi tí ìtànṣán bá ti dín kù, omi pọ̀ níbẹ̀. Ọgbọ́n yìí máa ń wú mi lórí.

Ìjì òjò dídì mẹ́jọ ló jà ní ìgbà òtútù 1996 sí 1997. Láti oṣù kejì ni National Weather Service, àjọ tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, ti sọ pé odò lè dé ẹsẹ̀ bàtà 49 ní Grand Forks, ìlú kan létí odò náà ní North Dakota. Ará ìlú di àpò yanrìn, wọ́n mọ odi kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ọkàn wọn balẹ̀. Odò dé 54.35. Odi ya, ìlú tú, iná tún ràn láàárín ìgboro lórí omi, ilé 11 jóná.

Inú ohun tí wọ́n ti wọ̀n rí ni ìṣirò gíga odò ti ń wá. Omi ti 1979, tó wà lára èyí tó ga jù tí wọ́n wọ̀n rí, kò tó 49. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀, àfojúbù ni. Mo fojú fo ìyẹn. Èyí tí n kò lè fojú fò ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n gbé fáráyé. Létí ará ìlú, ìlérí ni 49. Ká ní wọ́n ní ó lè jẹ́ 46, ó sì lè jẹ́ 54, ọ̀pọ̀ ì bá ti kó ẹrù. Lẹ́yìn náà ni àjọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó pé odò yóò kọjá àmì kọ̀ọ̀kan.

Winnipeg, ìlú ńlá kan ní Manitoba ní Kánádà, wà nísàlẹ̀ odò kan náà. Wọ́n ti gbẹ́ ipadò gígùn kìlómítà 47 yí ìlú ká níbẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1968. Wọ́n fi Duff Roblin, olórí ìjọba Manitoba tó gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀, ṣe yẹ̀yẹ́: "kòtò Duff," ni wọ́n ń pè é. Ní 1997, inú kòtò yẹn ni omi gbà kọjá.