Ṣé Gbọin-gbọin Ni Tòkè? Ohun Tí Ìlú Tó Ń Yára Fẹ̀ Ń Fojú Òkè Rí

Ẹ̀yin ará, bí a bá ń súre pé kí ẹnìkan pẹ́ láyé, a máa ń ní gbọin-gbọin ni tòkè. Mo fẹ́ da omi sí ìwúre yẹn díẹ̀ lónìí. Òkè a máa yẹ̀, pàápàá nígbà tí ìlú bá ti gùn ún.

Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìlú a máa fẹ̀ síbi tó bá wù ú. Kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀ láàárín òkè. Àfonífojì ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́lé sí torí pé ó tẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ oko tó lọ́ràá àti àbàtà tó ń gba omi dúró wà. Bí àfonífojì bá kún, àwọn tó dé gbẹ̀yìn, tí owó wọn kò tó nǹkan, á kọrí sí ẹ̀gbẹ́ òkè.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Erùpẹ̀ tó bo àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kì í nípọn. Gbòǹgbò igi ló rán an mọ́lẹ̀. Ewé ń dín ipá òjò kù, ilẹ̀ igbó ń fa omi mu díẹ̀díẹ̀, omi náà á sì yọ nísàlẹ̀ bí ìsun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Òun ló ń jẹ́ kí odò ṣàn nígbà ẹ̀rùn. Wàyí o, ẹ gé igi yẹn, ẹ gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè láti fi la títì, kí ẹ fi páànù àti kọnkéré bo ìyókù. Òjò kan náà á di ọ̀gbàrá láàárín wákàtí kan. Tí ẹ̀rùn bá dé, ìsun á gbẹ. Ọmọ ìyá ni ìkún omi àti ọ̀dá níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìjọba sábà máa ń pín wọn sí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, apá kan òkè Sugar Loaf, nítòsí Freetown ní Sierra Leone, ya lulẹ̀. Àwọn tó kú àtàwọn tí wọn kò rí mọ́ lé ní 1,000. Òjò ọdún náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ṣán igbó orí òkè fún ilé kí òjò tó dé. Ti Joshimath, ní òkè Himalaya ti Íńdíà, ló tún dùn mí jù. Orí erùpẹ̀ tí òkè ya sílẹ̀ láyé àtijọ́ ni ìlú náà wà. Ní 1976, ìgbìmọ̀ ìjọba kìlọ̀ pé kí wọ́n má kọ́ ilé ńláńlá síbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ. Ní oṣù kìíní 2023, ògiri ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé lanu, wọ́n sì ń kó ìdílé jáde.

Afẹ́fẹ́ náà ń jìyà. Kathmandu, olú ìlú Nepal, wà nínú àfonífojì tó rí bí abọ́. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa dé èyí tó tutù mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, èéfín ọkọ̀ àti ti ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì kò sì ní ríbi gbà. Ní ti ẹranko àti ewéko, bí ayé ṣe ń gbóná, wọ́n ń wá ibi tó tutù lókè. Títì ń dí wọn lọ́nà, èyí tó bá sì ti dé ṣóńṣó kò níbi tó tún lè gùn.

Ẹnìkan bi mí bóyá kí wọ́n lé àwọn ará ẹ̀gbẹ́ òkè kúrò. Èmi ò fara mọ́ ọn. Bí kò bá sí ilé tí apá wọn ká nísàlẹ̀, òkè míì ni wọ́n máa gùn lọ́la. Ti Quito, ní Ecuador, ló wù mí. Láti 2000 ni wọ́n ti ní àpò owó kan tí ilé iṣẹ́ omi ìlú ń dá owó sí; nísinsìnyí, ìdá 2 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un ni. Òun ni wọ́n fi ń tọ́jú páramo, pápá orí òkè tó ń mu omi bíi kànrìnkàn. Ẹni tó ṣí ẹ̀rọ omi nísàlẹ̀ ń sanwó fún koríko tí kò fojú kàn rí.